Tábìlì Tó Ń Fì Nílé Káfíńtà

Ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí. Bí ẹ bá gbé omi kaná, ẹ dín iná rẹ̀ kù. Bí ẹ bá ń lọ síbì kan, ẹ fìdí kalẹ̀ ná, ibẹ̀ kò ní sá lọ. Ìtàn tábìlì kan ni, tábìlì onígi lásán tó ń fì, àti kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan tí aago rẹ̀ kò mọ ọdún tí a wà.

Ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ sí, Káfíńtà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ilẹ̀kùn tó bá kàn, ìka kan lẹ máa fi tì í tí yóò fi padé láìfọhùn. Àga tó bá ṣe, bàbá á jókòó lé e, ọmọ á jókòó lé e, ọmọ ọmọ á tún bá a nílẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ilé ìdáná rẹ̀, tábìlì kan wà tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn lọ́dún tí òun àti ìyàwó rẹ̀ kó wọ ilé náà. Igi líle ni, igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba, ojú rẹ̀ ń dán bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òróró pa á. Ó sì ń fì. Gbé ìgbọ̀nwọ́ lé e, á dún kó. Gbé e kúrò, á tún dún kó. Adìẹ bà lókùn: ara ò rọ tábìlì, ara ò rọ ẹni tó ń jẹun lórí rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ní físíìsì, Tíṣà sì ni tilé-tòde ń pè é. Tíṣà fi tábìlì yẹn ṣe ọkọ rẹ̀ ní yẹ̀yẹ́ débi pé ó ti di orin ilé.

"Olówó orí mi," á wí báyìí, á di ife tíì rẹ̀ mú kó má baà dà sílẹ̀, "gbogbo àdúgbò ń jókòó pẹ̀sẹ̀ lórí àga rẹ, èmi nìkan ni mò ń jẹun nínú ọkọ̀ ojú omi."

"Ẹsẹ̀ kan ló gùn ju ìyókù lọ. Màá gé e."

"Èwo nínú wọn?"

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ máa ń dákẹ́ sí, nítorí Káfíńtà ti wọn ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin títí ó fi sú u, kò sí èyí tó gùn ju èkejì lọ. Ó ká páálí, ó ki í bọ abẹ́ ẹsẹ̀ kan, kò pẹ́ páálí á fún pẹlẹbẹ, fífì á tún bẹ̀rẹ̀, ayé ń lọ.

Nígbà tí àìsàn wá gbé Tíṣà jókòó, tí kò lè jáde mọ́, Káfíńtà mú ayùn wálé lọ́jọ́ kan pé òun máa parí ìjà náà, kí ìyàwó òun lè rí tíì mu ní ìrọ̀rùn. Tíṣà fara ti ẹnu ọ̀nà, ó ń wò ó.

"Má gé e o. Ẹsẹ̀ kọ́ ló ṣẹ̀. Nǹkan kan wà tí mò ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà fáwọn ọmọ kíláàsì mi. Tí mo bá parí ẹ̀, màá pè ẹ́, wàá wò ó, wàá sì rẹ́rìn-ín."

"Kí ni nǹkan ọ̀hún?"

"Tí mo bá fẹnu sọ ọ́, o ò ní gbà. Káfíńtà ni ẹ́. Ohun tí o bá fojú rí ni tìrẹ."

Kò pè é. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kò sì padà wálé.

Láti ìgbà náà, ara Káfíńtà kú. Kì í ṣe pé ó ń sunkún o. Ẹkún gan-an kò wá. Ẹ mọ bí apá ṣe máa ń rí tí èèyàn bá sùn lé e: ẹ rí i pé apá yín ni, ẹ fọwọ́ kàn án, ó dà bíi pé ti ẹlòmíràn ni. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ara rẹ̀ ṣe rí. Ó ń jí, ó ń wẹ̀, ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó ń ti rándà lórí pákó kí ojú rẹ̀ lè dán. Àwọn oníbàárà ń kí i kú àráfẹ́rakù, ó ń dá wọn lóhùn, ó sì ń bi wọ́n bóyá ilẹ̀kùn wọn máa ṣí sínú ni àbí síta.

Ìyá Tíṣà ló wá ń bá a gbélé. Ìyá ń ṣọ̀fọ̀ ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò bá a ṣọ̀fọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé ife lé tábìlì, tábìlì dún kó, tíì dà sí i lára.

"Káfíńtà, ṣé tábìlì nìyí ni àbí ẹṣin?"

"Ẹ má bínú, Màmá."

"Èmi ò bínú. Aṣọ mi ló ń bínú. Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Ẹsẹ̀ tó gùn yẹn, gé e, ká sinmi."

"Ọmọ yín ló ní kí n má gé e."

Ìyá mú aṣọ, ó ń nu orí tábìlì, ó sì nu ibi tí kò tutù pẹ̀lú. "Ó ní nítorí kí ni?"

"Ó ní òun máa fi hàn mí. Ó wà nínú ìyẹn." Káfíńtà nawọ́ sí kọ̀ǹpútà tó wà lórí pẹpẹ, tí eruku ti bò.

Ti ilé-ìwé ni kọ̀ǹpútà náà. Ọ̀gá ilé-ìwé ti pè lórí fóònù, ó fi ohùn tútù sọ pé olùkọ́ tuntun ti dé, pé lọ́jọ́ Ẹtì àwọn máa rán ẹnìkan wá gbé e, wọn á sì nu gbogbo inú rẹ̀ kó lè dà bíi tuntun. Káfíńtà ní kò burú. Ohun tí wọ́n bá sọ fún un nígbà náà, kò burú ni ìdáhùn rẹ̀.

"Ó dáa," ni Ìyá wí. "Ohun tí ọmọ mi fẹ́ fi hàn ẹ́, wá a rí kí wọ́n tó dé. Tí o ò bá rí i, kí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà wọn lọ, kí o gé ẹsẹ̀ tábìlì."

"Kò burú, Màmá."

Báyìí ló ṣe dé ọ̀dọ̀ Dókítà Ẹ̀rọ. Dókítà kì í ṣe dókítà kankan o. Ọ̀rẹ́ Káfíńtà ni, ó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù tóóró kan tó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù pákó, tí wáyà kún inú rẹ̀ bí irun tí wọn ò yà. Òun ló tún kọ̀ǹpútà ọ̀hún ṣe nígbà tó dákú lákòókò àìsàn Tíṣà. Iṣẹ́ Tíṣà kò sọnù, odidi ni ó wà. Ètò tí wọ́n fi ń ṣí i ló bá àìsàn náà lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ètò tó jẹ́, torí ó dùn mọ́ni ju oyin lọ. Ayé kékeré kan ló wà nínú rẹ̀. Ẹ gbé bọ́ọ̀lù sókè níbẹ̀, á já bọ́ bí bọ́ọ̀lù ṣe ń já bọ́. Ẹ gbé òkúta sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, á yọ̀ wálẹ̀. Nǹkan méjì á kọlura, ọ̀kan á ta padà, èkejì á yí gbirigbiri lọ. Ìwọ̀n, agbára, bí wọ́n ṣe ń ha ara wọn, gbogbo rẹ̀ ló ń ṣírò ní ìṣẹ́jú àáyá. Àwọn tó ṣe é kò sì tì í mọ́nú àpótí: wọ́n tẹ́ gbogbo bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ fún aráyé, kí ẹni tó bá wù mú un, kó yẹ̀ ẹ́ wò, kó tún un ṣe. Bí ìgbà tí èèyàn bẹ káfíńtà ní iṣẹ́ àga kan, tí káfíńtà wá kó pákó, ìṣó àti ìwọ̀n rẹ̀ fún un lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́.

"Ṣé o ò lè fi ètò náà sí i fún mi ni?" ni Káfíńtà bi í.

"Mo ti gbìyànjú ẹ̀ nígbà yẹn. Èyí tí wọ́n ti ṣe tán sílẹ̀, ẹ̀rọ ayé òde òní ni wọ́n wọ̀n ọ́n fún. Tí mo bá gbé e lé arúgbó yìí lórí, ojú ẹsẹ̀ ló ń kú. Ìwọ náà wò ó: o ra ilẹ̀kùn tí wọ́n ti kàn sílẹ̀, o gbé e dé ẹnu ọ̀nà ilé àtijọ́, kò wọ̀ ọ́. Kí lo máa ṣe?"

"Màá kan òmíràn lójú ibẹ̀."

"Ẹ̀n-hẹ́n! A ó kó pákó ètò náà wá, kọ̀ǹpútà yìí fúnra ẹ̀ á kàn án bí ara ẹ̀ ṣe gbà. Kíkọ́ láti orísun nìyẹn."

"Ta ló máa kọ́ ọ?"

"Ìwọ ni. Wo òkìtì kọ̀ǹpútà tó wà níwájú mi. Àṣẹ díẹ̀ ni. Wàá tẹ̀ ẹ́, wàá jókòó, wàá máa wò ó."

"Ìjókòó-máa-wò ni iṣẹ́ tí mò ń ṣe látọjọ́ yìí," ni Káfíńtà wí.

Dókítà bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó rí i pé kì í ṣe àwàdà. Ó da orísun ètò náà sínú fíláàṣì, ó kọ àwọn àṣẹ náà sí ẹ̀yìn páálí kan, ó sì fi lé e lọ́wọ́.

Ohun kan wà tí Dókítà kò rántí sọ. Nínú kọ̀ǹpútà yẹn, bátìrì kékeré kan wà, kò ju bọ́tìnnì ẹ̀wù lọ, òun ló ń ran aago lọ́wọ́ kó má gbàgbé ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá ti kú. Bátìrì náà ti jó tipẹ́. Nítorí náà, nígbàkígbà tí wọ́n bá tan ẹ̀rọ náà, aago á ti subú padà sí ọjọ́ kan láyé àtijọ́, àpótí kékeré kan á sì yọ lójú rẹ̀ pé: aago yìí kò jọ pé ó tọ̀nà, ṣé kí n tún un ṣe? Bẹ́ẹ̀ ni, àbí Rárá? Tíṣà, nígbà ayé rẹ̀, kì í wò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó tẹ Bẹ́ẹ̀ ni. Káfíńtà wò ó. Ọdún tí aago náà wà, ọdún tí wọ́n kó wọ ilé náà ni. Òróró orí tábìlì kò tíì gbẹ nígbà náà. Tíṣà ń ru àpótí ìwé gun àkàbà, ó ń pariwo pé kí ẹnikẹ́ni má ran òun lọ́wọ́.

Ìka rẹ̀ tẹ Rárá. Kò rò ó. Ìgbà tó tún tan án, ó tún tẹ Rárá.

Ọ̀sán ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, lórí tábìlì tó ń fì. Bó bá ti ń tẹ lẹ́tà, tábìlì ń gbè é: kó, kó, kó. Ó gbìyànjú láti ka àlàyé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ojúewé gbogbo kọ̀ ọ́, wọ́n ní lójú aago ẹ̀rọ yìí, ọjọ́ tí ìwé ẹ̀rí àwọn máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kò tíì pé. Ó pa ojúewé náà dé. Ó tẹ àṣẹ tí Dókítà kọ. Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde lójú ẹ̀rọ. Káfíńtà wò ó, ó yé e díẹ̀: ẹ̀rọ ń yẹ àpótí irinṣẹ́ wò kó tó bẹ̀rẹ̀. Òòlù ńkọ́? Ó wà. Ayùn ńkọ́? Ó wà. Ìṣó ńkọ́? Ó wà. Ó parí, ó bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Òòlù ńkọ́? Ó wà. Ó tún parí. Ó tún bẹ̀rẹ̀.

Ìyá fa àga sún mọ́ ọn. "Kí ló ń wá?"

"Irinṣẹ́ ni."

"Kò rí i?"

"Ó rí i. Ó tún ń wá a ni."

Ìyá wo ojú ẹ̀rọ fún ìgbà díẹ̀. "Bí mo ṣe ṣe láàárọ̀ nìyẹn," ni ó wí. "Mo wọ yàrá ẹ̀, mo wò ó, mo jáde. Mo tún wọlé."

Níkẹyìn ó rẹ ẹ̀rọ náà. Ó kọ ọ́ pé òun ti tún un ṣe títí, iṣẹ́ náà kò yéé bẹ̀rẹ̀ láti òkè, bóyá aago ibí yìí kò tọ̀nà. Káfíńtà kà á dé òpin. Ó pa á dé.

"Ó kọ̀," ló sọ fún Ìyá.

Lọ́jọ́ kejì Dókítà gba ọ̀nà kọjá wá sí ṣọ́ọ̀bù pákó, búrẹ́dì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Báwo la ṣe dé ibẹ̀?"

"Ó ń yí lójú kan. Ó ní bóyá aago ni."

"Aago! Yéè, mo gbàgbé! Ta ló tẹ Rárá?"

"Èmi ni."

"O ò rí i pé ọdún ibẹ̀ ti lọ tipẹ́ ni?"

"Mo rí i."

Dókítà kò gbọ́ ohun tó wà nínú ìyẹn. Àlàyé ti ń dùn ún lẹ́nu. "Wò ó, àwọn pákó tí mo kó fún ẹ, ẹ̀yìn ọdún yẹn ni wọ́n là wọ́n. Kọ̀ǹpútà ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, ó ń lẹ ọdún àtijọ́ mọ́ ọn. Ó wá wò ó, ó ní, ha, iṣẹ́ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe yìí gbó ju pákó tí mo fi ṣe é lọ, á jẹ́ pé wọ́n ti pààrọ̀ pákó, ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe. Tó bá tún un ṣe tán, ibì kan náà la wà. Títí ayé! Tẹ Bẹ́ẹ̀ ni, ká lọ."

Káfíńtà ń ti rándà lọ. Èérún igi ń ká, ó ń já sílẹ̀. "Tí mo bá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ńkọ́?"

"Nítorí kí ni?"

"Lọ́dún yẹn, ara ẹ̀ yá."

Dókítà dáwọ́ búrẹ́dì dúró lẹ́nu. Ó pẹ́ kó tó gbé e mì. "Ọ̀rẹ́ mi," ó wí, "kọ̀ǹpútà nìkan ló wà lọ́dún yẹn. Ìwọ ò sí níbẹ̀. Nǹkan tí Tíṣà ṣe fún ẹ gan-an ò sí níbẹ̀. Lẹ́yìn ọdún yẹn ló ṣe é."

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì mọ́, Káfíńtà bá ayùn tirẹ̀ lórí àga nínú ilé ìdáná. Ìyá ló gbé e síbẹ̀. Káfíńtà tan kọ̀ǹpútà. Àpótí kékeré náà yọ, ó bi í ní ìbéèrè rẹ̀. Ó tẹ Bẹ́ẹ̀ ni.

Aago fò. Gbogbo ọdún tó wà láàárín kọjá, kò sì dún. Káfíńtà ti retí pé nǹkan kan á dùn ún. Kò sí èyí tó dùn ún. Ó tẹ àṣẹ àkọ́kọ́.

Òòlù ńkọ́? Ó wà. Ayùn ńkọ́? Ó wà. Ó parí, kò sì bẹ̀rẹ̀ mọ́! Ó kọjá síwájú. Ẹ ò bá wà níbẹ̀! Ọ̀rọ̀ ń ya bí òjò, fáànù inú ẹ̀rọ ń ké bí oyin, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún di méjì, méjì di mẹ́rin. Ìkìlọ̀ aláwọ̀ ìyeyè ń yọ, ó ń kọjá. Kò sí èyí tó dá a dúró.

"Ṣé ó fẹ́ gbiná ni?" Ìyá ti fà sẹ́yìn.

"Ó ń ṣiṣẹ́ ni, Màmá."

Ibẹ̀ ni wọ́n ti kanlẹ̀kùn. Dírẹ́bà ilé-ìwé ni, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó di fìlà rẹ̀ mú. "Ẹ kú ilé o. Wọ́n ní kí n wá gbé kọ̀ǹpútà."

Káfíńtà ṣí ẹnu pé kò burú. Ìyá yára gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. "Ọmọ mi, o ti mu tíì láàárọ̀ yìí?"

"Mo ti mu ún, Màmá."

"Èyí tí o mu, èmi kọ́ ni mo pò ó. Jókòó."

Dírẹ́bà jókòó. Ó gbé ìgbọ̀nwọ́ lé tábìlì. Kó. "Ẹ jọ̀ọ́, tábìlì yín yìí..."

"A mọ̀," ni Ìyá wí.

Dírẹ́bà mu ife kan, Ìyá bu èkejì. Ó ń bi í nípa ìyàwó, nípa ọmọ, nípa ìyá ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Gbogbo ohun tó lè dá èèyàn dúró ló bi í. Nígbà tó yá, fáànù rọ̀. Iṣẹ́ náà ti parí. Káfíńtà wá iṣẹ́ Tíṣà, ó ṣí i.

Ilẹ̀ aláwọ̀ eérú kan ló yọ, ó wú níhìn-ín, ó tẹ̀ wọnú lọ́hùn-ún. Lókè rẹ̀, Tíṣà kọ ọ́ pé: Ilé ìdáná wa. Tábìlì kan já bọ́ láti òkè, onígun mẹ́rin, ẹsẹ̀ mẹ́rin, ife kan lórí rẹ̀. Ó balẹ̀, ó sì ń fì, síwá, sẹ́yìn, gẹ́lẹ́ bí ti ilé ṣe ń ṣe. Káfíńtà tẹjú mọ́ ilẹ̀ náà. Ó mọ ibi tó wú lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yẹn. Ibi tí bíríkìlà ti fi ìkánjú fa sìmẹ́ńtì ni. Ìgbà yẹn ló wá yé e ibi tí lẹ́fẹ́ẹ̀lì rẹ̀ gbà lọ, ọ̀pá tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá nǹkan tẹ́jú, tó wá títí, tó sì fi ẹ̀sùn rẹ̀ kan Dókítà. Tíṣà ló mú un. Ó ti fi orúnkún rá gbogbo ilé ìdáná yìí, pẹ̀lú àìsàn lára, ó ń wọn ilẹ̀.

Tábìlì inú ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú kan, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń yíra padà lójú oorun. Bó ṣe ń yí ni fífì rẹ̀ ń dín kù. Ó kù díẹ̀. Ó kù táín. Ó dúró. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló kan ilẹ̀, ife kò mì.

Lẹ́yìn náà ó tún já bọ́ láti òkè, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Káfíńtà dìde. "Ẹ gbé ife yín."

Wọ́n gbé ife, ó gbé kọ̀ǹpútà sórí àga, lórí ayùn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó yọ páálí kúrò, ó di etí tábìlì mú, ó sì ń yí i bí Tíṣà ṣe yí i. Ó tẹ̀ ẹ́ wò: kó. Ó yí i sí i: kó, ṣùgbọ́n jẹ́jẹ́. Ó tún yí i díẹ̀, kò tó ìbú àtẹ́lẹwọ́. Ó tẹ̀ ẹ́.

Kò dún.

Dírẹ́bà gbé ìgbọ̀nwọ́ lé e, ó gbé e kúrò, ó tún gbé e lé e. Ó wo abẹ́ rẹ̀. "Kí lẹ ṣe fún un?"

Ìyá ti ń rẹ́rìn-ín, ó ń rẹ́rìn-ín débi pé ó ní láti di ògiri mú, omi ń dà lójú rẹ̀. "Ilẹ̀ ló ṣẹ̀! Látọjọ́ tí a ti ń pe ẹjọ́, ilẹ̀ ló ṣẹ̀, ẹsẹ̀ la fẹ́ gé! Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Háà, ọmọ mi yìí!"

Káfíńtà kò rẹ́rìn-ín. Tíṣà ti sọ pé ó máa rẹ́rìn-ín. Ó dúró díẹ̀ de ẹ̀rín náà, kò wá. Ó da iṣẹ́ náà sínú fíláàṣì, ó pa kọ̀ǹpútà, ó sì gbé e fún Dírẹ́bà. "Sọ fún olùkọ́ tuntun pé tó bá tan án, ẹ̀rọ máa bi í ní ìbéèrè kan. Kó tẹ Bẹ́ẹ̀ ni."

Dírẹ́bà lọ. Ìyá gbé ayùn sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó fọ ife, ó wọ yàrá lọ. Káfíńtà jókòó sídìí tábìlì, tó wá yà díẹ̀ kúrò lójú ògiri báyìí, bí ẹni tó yí etí sí ọ̀rọ̀. Ó gbé ìgbọ̀nwọ́ lé e. Ó gbé e kúrò. Ó tún gbé e lé e.

Ẹ̀yin tí ẹ kò gbà, mo mọ̀ pé tábìlì kan ń fì nílé yín. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá dọ́gba, tó jẹ́ pé ilẹ̀ ló wọ́, ẹ má wá páálí, ẹ má wá ayùn. Ẹ di etí rẹ̀ mú, ẹ rọra yí i lójú kan. Ẹ dìde nísinsìnyí, ẹ lọ wò ó fúnra yín.